Ìbéèrè Kẹsàn-án

Ọmọ náà fa àga mọ́ mi, ó gbé bébà lé orúnkún.
Morádéyọ̀ lorúkọ òun, ó ní, akẹ́kọ̀ọ́ lòun,
ìbéèrè mẹ́rìnlá péré ni. "Ẹ fún mi ní nọ́ńbà, Mọ́mì,
láti òdo títí dé mẹ́rin."
Oògùn ń kán sí mi níṣan, ó pọ́n bíi sóbò
tí mo máa ń tà fáwọn ọmọléèwé ní Òkèṣà.
Mo ní, máa bi mí.

Ṣé ẹ̀rù bà yín lọ́sẹ̀ tó kọjá?
Mẹ́ta. Tílẹ̀ bá ṣú, mẹ́rin.
Tí kẹ̀kẹ́ Máruwá àkọ́kọ́ bá ti kọjá lójúde wa, ó dín kù.
Ó kọ mẹ́ta.

Ṣé ẹ ń rí oorun sùn?
Inú ọkọ̀ ni mo ti ń sùn, láti Iléṣà wá sí Ifẹ̀,
kòtò ojú ọ̀nà Òṣú níí jí mi.
Kò síbi tí wọ́n fi Òṣú sí lórí bébà.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a bọ̀ tá a fi kan ìkẹsàn-án:
Ǹjẹ́ ẹ gbà pé ọkàn tó le ló ń gbani lọ́wọ́ jẹjẹrẹ?

Mo wo bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

Ìbídùnní ló nibẹ̀ tẹ́lẹ̀.
Orí rẹ̀ ti pá bí igbá, ó ń fi tìróò ya irun sí i,
ó ń bi dókítà bóun rẹwà.
Bó bá bì tán, á nu ẹnu, á ní:
"Ẹ má bínú o, ọbẹ̀ àná ló ní kí n kí yín."
Oṣù kọkànlá ló lọ.
Nílé wọn ní Ìlódè, mo gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ lábẹ́lẹ̀
pé bóyá ó ti sọ̀rètí nù ní kọ̀rọ̀.
Mo dìde. N kò jẹ ìrẹsì wọn.
Ṣé ẹni tó kú náà ló tún jẹ gbèsè ni?

Bàbá Fátúròtí ńkọ́, tó ń ráhùn lójoojúmọ́,
tó ti pín bàtà rẹ̀ fáwọn ọmọ,
tó ní kí wọ́n má wulẹ̀ fi oògùn ṣòfò lára òkú?
Ọdún kẹrin rèé. Ó wá ní Túsìdeè,
ó ń bá akọ̀wé jà nítorí owó káàdì.
Wọ́n ní ó ti ń béèrè bàtà rẹ̀ padà.

Nítorí náà, ǹ bá ní òdo.
Ṣùgbọ́n ìgbà kẹta tó yẹ kí n wá, n kò wá.
Owó wà. Ọkọ̀ wà. Èmi ni n kò sí.
Mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí, mo kọjú sógiri,
mo ń fi ìka tọ ipa ikán lára rẹ̀.
Pásítọ̀ ní kí n ṣara gírí.
Àwọn ọmọ ń sunkún lórí fóònù láti Àbújá, ṣara gírí, Mọ́mì.
Gírí dà? Níbo ni wọ́n ti ń tà á?

Àbúrò mi Ọlátẹ́jú dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò wàásù,
ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà mi
bí bàbá wa ti ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà àwọn onígbèsè ní Kàbà,
nígbà tó ń ṣe òṣómàáló, tó ń táṣọ láwìn.
Oòrùn kan èjìká rẹ̀. Oòrùn kan orí rẹ̀.
Mo ní, jókòó. Ó ní òun ò jókòó,
ẹ̀gbọ́n òun lòun wá gbà.
Orúnkún ọ̀tún rẹ̀ sì ti bàjẹ́ látìgbà tí ọ̀kadà gbá a,
mo ń gbọ́ bó ṣe ń ró láti inú yàrá.
Orúnkún yẹn ni n kò lè fara dà. Mo ṣílẹ̀kùn.

"Nọ́ńbà wo ni kí n kọ, Mọ́mì?"
Kọ orúnkún Ọlátẹ́jú.
Ó rẹ́rìn-ín, ó wò mí, kò rẹ́rìn-ín mọ́.
Ó yí bébà padà sí ẹ̀yìn tó funfun,
ó bi mí bí wọ́n ṣe ń kọ òṣómàáló,
mo sì ń pè é fún un, díẹ̀díẹ̀,
bí oògùn ṣe ń kán.

Ó ku ìbéèrè márùn-ún.
Mo ní kó bu omi fún mi ná.